Yàrá Mẹ́wàá Nínú Ìwé Káńsù

Ọdún 1988 ni mo kó wá sí ilé ara mi ní Ìbafò. Mo ń pè é nílé o. Yàrá méjì péré ni mo kan páànù lé lórí, fandéṣọ̀n àti koríko nìyókù. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe, mo ti kan òrùlé ilé onílé títí apá fi ń ro mí, ọkàn mi sì balẹ̀ pé tèmi náà á parí lọ́jọ́ kan. Ìyàwó mi ń gbin ilá sáàárín fandéṣọ̀n náà, ilá ọ̀hún sì ń so dáadáa.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ẹdẹ pé mo ti kọ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá. Nígbà tó dé, mo yára sọ fún un pé oṣù tó ń bọ̀ la máa parí ìyókù. Irọ́ ni. Mi ò ní owó búlọ́ọ̀kù kan lọ́wọ́. Màámi kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ń kí mi kú oríire.

Lọ́sẹ̀ kejì, akọ̀wé káńsù dé, ó ń kọ ilé sílẹ̀ nítorí owó-orí ilé. Ó béèrè iye yàrá. Kí n tó lanu, Màámi ti dìde.

“Mẹ́wàá ni! Ẹ máa bọ̀, ọ̀gá. Pálọ̀ rèé. Yàrá tèmi rèé.”

Àárín ilá ló dúró sí. Akọ̀wé wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó kọ mẹ́wàá.

Nígbà tí ìwé owó náà dé, owó yàrá mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Mo gba káńsù lọ. Bàbá kan níbẹ̀ fi sùúrù là mí lọ́yẹ̀.

“Lánlọ́ọ̀dù, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ ná la ń wò, kì í sì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ná. Iye tí ayálégbé lè san lọ́dún lórí ibi tó ṣeé gbé la fi ń ṣírò. Ta ló máa háyà fandéṣọ̀n?”

Mo rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ dùn mí. Ó ní kí n kọ̀wé pé kí wọ́n tún un ṣírò, pé akọ̀wé á padà wá, kí èmi fúnra mi sì fi ilé hàn án. Inú mi dùn títí mo fi rántí Màámi tó jókòó sílé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé oṣù méjì.

Akọ̀wé padà wá. Màámi ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.

“Lánlọ́ọ̀dù, yàrá mélòó ló ṣeé gbé?”

Mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, méjì ni mo ní. Mi ò ní owó tí mo fẹ́ fi parí ìyókù. Mo parọ́ fún yín.”

“Mo mọ̀. Ṣé ojú mi fọ́ ni? Ìwọ lo sọ pé mẹ́wàá ni. Ṣé kí n wá já ọmọ mi nírọ́ lójú àlejò ni?”

Ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí kalẹ̀, ó kọjú sí akọ̀wé.

“Ọ̀gá, ilé àyágbé ni bàbá rẹ̀ kú sí. Yàrá méjì lọmọ mi ní. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kó hàn.”