Àwo Ìyá Gúnrégé

Níbi ìfọṣọ ilé ìwòsàn, èèyàn méjì ló máa ń ká aṣọ ìbùsùn kan. Ẹnì kan á di igun méjì mú níhìn-ín, ẹnì kejì á di méjì mú lọ́hùn-ún, wọn á nà án, wọn á gbọ̀n ọ́n, wọn á sì rìn pàdé ara wọn. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Ìyá Gúnrégé ti ń ṣe é. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè é nítorí pé etí aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í fi bíńtín ju ara wọn lọ.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Lọ́dún yìí, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já a kulẹ̀. Kó tó di agogo mẹ́wàá àárọ̀, igun aṣọ á ti máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ á wọ́lẹ̀, ó di kí wọ́n tún un fọ̀.

Òun àti opó kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ni wọ́n jọ ń ká aṣọ. Opó náà ní, "Ìyá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa fi aṣọ gbálẹ̀, kí wọ́n kúkú fi owó agbálẹ̀ kún owó yín."

"Ẹnu rẹ ni kó o fi ká èyí tó kù."

Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn kò bá wọn ṣẹ̀fẹ̀. "Mo bọ̀wọ̀ fún yín, mà. Tí oṣù méjì bá pé tí nǹkan ò yàtọ̀, ẹ ó lọ jókòó sídìí ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ máa gba aṣọ wọlé."

Lójú Ìyá Gúnrégé, ìjókòó yẹn ò yàtọ̀ sí kí wọ́n ká òun náà, kí wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Opó náà ló fà á lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wọn apá rẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò rí àrùn kankan. Ó wá bi í pé, "Kí lẹ jẹ lánàá, mà?"

"A se ẹja. Ọmọ mi kì í jẹ́ kí ẹja wọ́n nílé."

"Mi ò béèrè ohun tẹ́ ẹ sè. Èyí tó wọ ẹnu yín ńkọ́?"

Ìyá wolẹ̀. Láti ìgbà tó ti délé ọkọ ló ti ń bu oúnjẹ fún gbogbo ilé, lẹ́yìn náà á jókòó ní kíṣìnnì, á fi omi ọbẹ̀ tó kù jẹ ìrẹsì. Ọkọ ti kú, àwọn ọmọ ti dàgbà, àmọ́ ọwọ́ kò gbàgbé. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé báyìí. Òun náà ló ṣì ń bu oúnjẹ, ẹja tirẹ̀ sì ń bọ́ sínú àwo àwọn ọmọ-ọmọ.

"Àwọn ọmọ ló ń dàgbà," ó ní. "Kí ni arúgbó fẹ́ fi ẹja ṣe?"

"Ẹ̀yin gan-an lẹ nílò ẹ̀, mà. Bí obìnrin ṣe ń dàgbà, ẹran ara rẹ̀ ń dín kù, oúnjẹ díẹ̀ kì í sì í tó láti tún un ṣe mọ́. Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, mílíìkì: ẹ rí i pé ọ̀kan wà nínú àwo yín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kẹ́ ẹ sì máa lo apá yín."

Nígbà tó sọ ọ́ nílé, ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, nínú ilé mi, lójú mi báyìí?"

"Kò ṣojú ẹ. Kíṣìnnì ni mò ń jókòó sí."

Ọmọ nawọ́ sí ṣíbí ọbẹ̀. "Ẹ gbé e wá, màá máa bù ú."

Ìyá gbé ṣíbí sẹ́yìn. "O fẹ́ rọ̀ mí lóyè?"

"Ẹ jókòó sórí oyè yín. Ṣùgbọ́n tiyín lẹ ó kọ́kọ́ máa bù, ẹ ó sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa."

Ó bu ìrẹsì sínú àwo ara rẹ̀. Ó yọjú wo inú ìkòkò ọbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jalè. Ó mú ìrù ẹja. Ọmọ rẹ̀ wò ó. Ó dá ìrù padà, ó mú àárín. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó kéré jù bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá.

"Ara mi ń bọ̀ wá yá ni," ó ní, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí oṣù méjì pé, ọ̀gá wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ. Apá Ìyá Gúnrégé kò tíì rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Agogo mọ́kànlá kọjá kí igun aṣọ tó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ó gbá a mú kó tó kan ilẹ̀.

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, mà," ni ọ̀gá wí, ó sì jáde.

Opó náà fa aṣọ mìíràn yọ, ó ju igun méjì sí Ìyá.