Aago Ladani àti Góòlù Muda

Ní Sátidé tó kọjá, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Sẹ́mìú ní Rye Lane láti ra híjáàbù fún ọmọ àbúrò mi. Mo ṣì ń fọwọ́ tọ́ aṣọ wò nígbà tí nǹkan kan lanu lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi. Aago ni. Aago oníke funfun tí wọ́n ṣe bíi mọ́ṣáláṣí, tó ní òrùlé rìbìtì aláwọ̀ ewé, tó máa ń pèrun pẹ̀lú ohùn híhan bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Kì í tilẹ̀ ṣe àsìkò ìrun. Bátìrì tuntun ni Sẹ́mìú ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i láti fi dán an wò. Ara mi bù máṣọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti gbọ́ irú ohùn yẹn kẹ́yìn.

A dákẹ́ títí ó fi pè é tán. Bó ṣe parí, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan tó fara ti káńtà sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè.

“Góòlù yẹn wọlé.”

“Kò wọlé!” Sẹ́mìú fi ọwọ́ lu káńtà. “Azan ti dún, Muda. Full time! Ìgbà wo lo máa gbà?”

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí fóònù yín ń pèrun nínú àpò, ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà méjì yìí fún yín. Muda ló gbá bọ́ọ̀lù náà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Sẹ́mìú ló ń ṣọ́ ilé. Èmi ni mo jókòó ti aago.

Ladani ni bàbá mi, ẹni tó ń pèrun ní mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham. Mọ́ṣáláṣí ọ̀hún kò ju yàrá mẹ́ta lọ lókè ṣọ́ọ̀bù kan, tí òórùn ìbọ̀sẹ̀ tútù kì í tán nínú rẹ̀. Bàbá mi ń fọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ kùtù, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ bọ̀ wá pèrun. Lẹ́nu iṣẹ́ fífọ bọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tó mọ orúkọ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fọwọ́ lé etí lókè ṣọ́ọ̀bù yẹn, gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ladani dé. Ibì kan wà nínú ìpè náà, nítòsí ìparí, tí ohùn wọn máa ń gòkè lọ, tí á wá já díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sunkún, kó tó rọra sọ̀kalẹ̀. Ìyá mi sọ pé ibi tí ó já yẹn gan-an ló mú òun fẹ́ wọn.

Aago oníke yẹn ni wọ́n ń lò. Gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n máa ń pe nọ́ńbà kan lórí fóònù, níbi tí obìnrin kan ti ń sọ iye tí aago lù, tí wọ́n á fi wo tiwọn bóyá ó pé. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àsìkò lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n á gbé àyà wọn sókè kí wọ́n tó dáhùn.

Ọjọ́ Àìkú ni a ń lọ sí ilé kéú. Àwọn tó bá wa ṣe ọ̀tá jù láyé ni àwọn ọmọ ilé kéú Old Kent Road, tí tiwọn wà nínú ilé ìkẹ́rù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Lọ́dọọdún, a máa ń bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ní pápá kan ní apá Nunhead. Ife ẹ̀yẹ wa kì í ṣe ife. Bùtá àlùwàlá ni, tí ẹnì kan kùn ní ọ̀dà wúrà. Òfin kan ṣoṣo ló sì yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù: a ò ní iye ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìrun Àìlà la máa bẹ̀rẹ̀, nígbà tí aago Ladani bá sì pe ìrun Alásárì, eré parí. Àwọn Alfa ló ṣe òfin náà, kí bọ́ọ̀lù má baà gba ìrun mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti gba bùtá lọ ní ìtẹ̀léra. Ẹ ò lè mọ ohun tí ojú wa rí. Bí a bá pàdé àwọn ọmọbìnrin wọn níbi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì, wọn ò ní kí wa. Wọ́n á kàn ṣe bí ẹni tó ń da omi sọ́wọ́ láti inú bùtá, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, mo sì ń gbé ẹ̀sín yẹn sùn.

Lọ́dún kẹrin, Ọlọ́run ṣe é, ọmọ wọn kan ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wọn. A fò títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni Muda, ọmọ Old Kent Road, wá dìde sí wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, kì í rẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Sẹ́mìú tó ń ṣọ́ ilé wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá mi wà lọ́nà jíjìn, wọ́n ń to omi àlùwàlá. Aago wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń fi ketchup jẹ chips, mo ń wo ọwọ́ aago tó ń wọ́ bí ìgbín.

Mo nawọ́ sẹ́yìn aago. Mo yí i síwájú.

Mi ò wo iye tí mo yí i. Bí mo ṣe gbójú sókè, Muda dúró níwájú mi. Ó wá mú bọ́ọ̀lù tó jáde kúrò lórí ìlà. Ó wò mí, ó wo aago, ó mú bọ́ọ̀lù, ó sáré padà.

Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù tún fi dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbá a. Ibi tí bọ́ọ̀lù náà ti ń fò lọ ni aago ti lanu: Allāhu Akbar. Bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Sẹ́mìú, ó gba àárín jákẹ́ẹ̀tì méjèèjì tí a fi ṣe òpó, ó yí lọ sínú koríko.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Wọ́n ti kọ́ wa pé tí wọ́n bá ń pèrun, a ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, àfi ká máa dáhùn ìpè lábẹ́nú. Nítorí náà, gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́. Muda gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀. Sẹ́mìú wà lórí ìkúnlẹ̀. Ètè àwọn Alfa ń dáhùn ìpè, ojú wọn ń jà. Mi ò tíì rí irú ìyàlẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ kígbe lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹnu wọn má sì gbà á, títí aago oníke fi ké tirẹ̀ tán.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ wá gbóná. Alfa kan tó wá láti Brockley ló ń ṣe rẹfirí, nítorí kì í ṣe ti ọ̀kankan nínú wa. Ó yíjú sí bàbá mi.

“Ladani, èwo ló ṣáájú? Azan ni àbí ball?”

“Aago ló ṣáájú,” bàbá mi wí. “Mi ò lè parọ́.”

Ni Alfa Old Kent Road bá na ọwọ́ rẹ̀ síta, ó fi aago ọwọ́ hàn wọ́n. “Ladani, ẹ má bínú. It’s not time yet. Ó ku seven minutes.” Ó wá sọ èyí tó dẹ́rù bà wá. “Ṣé aago yìí náà kọ́ la fi ṣínu nínú Ramadan tó kọjá?”

Àwọn àgbà wo ara wọn. Tó bá jẹ́ pé aago yẹn ti ń sáré láti ìgbà yẹn, a jẹ́ pé gbogbo jámọ́ọ̀, gbogbo àwa tá a jọ ń kírun, ló ti ń ṣínu kí oòrùn tó wọ̀, ààwẹ̀ oṣù kan gbáko ló máa di sísan padà. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti bọ́ọ̀lù. Ojú bàbá mi yí padà níṣojú mi.

Nígbà tí a délé, wọ́n pe nọ́ńbà yẹn, wọ́n gbé aago sórí itan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin inú fóònù sọ iye tí aago lù. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. “Iṣẹ́jú méje,” ni wọ́n sọ. Wọ́n yọ áńkáṣífù, wọ́n ń nu aago náà, iwájú àti ẹ̀yìn. Mo fẹ́ sọ. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, wọ́n dìde níwájú jámọ́ọ̀. “Ààwẹ̀ yín ò bàjẹ́,” ni wọ́n wí. “Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú eré, mo fi fóònù wo aago náà, ó pé. Àárọ̀ ọjọ́ eré ni èmi fúnra mi ṣì í yí. Ẹni tó bá ṣi aago yí kò gbọdọ̀ máa pèrun fún yín.” Wọ́n jókòó. Wọn ò pèrun mọ́ títí wọ́n fi jáde láyé.

Rẹfirí ti ní góòlù náà kò wọlé, àwọn Alfa sì ní ohun tí rẹfirí bá ti sọ, abẹ gé e. Bùtá wúrà dúró sí ọ̀dọ̀ wa, ó wà lórí fèrèsé mọ́ṣáláṣí, eruku bò ó. Sáfù tó kẹ́yìn, ìlà ẹ̀yìn pátápátá, ni bàbá mi ń jókòó sí. Bí ẹlòmíràn bá ń pèrun, mo máa ń rí ọ̀nà ọ̀fun wọn tó ń lọ sókè sódò. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Old Kent Road, wọ́n ní àwọn ń lọ kí ọ̀rẹ́ kan. Èmi dàgbà, mo lọ sí ilé ọkọ ní ìlú mìíràn. Mo gbà pé wọ́n kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn ló ṣìṣe, nǹkan yẹn sì ti jẹ mí lọ́kàn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nítorí náà, nínú ṣọ́ọ̀bù Sẹ́mìú, pẹ̀lú híjáàbù lọ́wọ́ mi, ó jáde lẹ́nu mi. “Ẹ má jà mọ́. Èmi ni mo yí aago yẹn.”

“Say wallahi!” Sẹ́mìú jókòó lórí páálí. “All these years? Ìwọ, ọmọ Ladani?”

Muda ò tilẹ̀ mira. “Mo mọ̀,” ló wí. “Mo rí ọwọ́ ẹ lẹ́yìn aago nígbà tí mo wá mú ball.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ, Brother Muda?”

“Daddy ẹ wá sílé wa lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní kí n foríjin àwọn. Mo ní, ‘Daddy, it wasn’t you, mo rí ẹni tó yí i.’ Wọ́n fọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ní, ‘Ohun tó o rí, èmi náà ti rí i. Ketchup wà lẹ́yìn aago. Ọmọdé ni, fi í sílẹ̀ fún mi.’ So mo fi í sílẹ̀.”

Wọ́n mọ̀! Wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó dìde níwájú jámọ́ọ̀. Gbogbo ọdún tí a fi jọ jẹun lórí tábìlì kan náà, wọ́n mọ̀, wọn ò sì fi ojú bá mi wí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bóyá wọ́n ń dúró dè mí kí n sọ ọ́ fúnra mi. Mi ò sọ ọ́.

“Wọ́n ní àwọn ò lè dá góòlù padà fún mi,” Muda ń bọ́rọ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, “ṣùgbọ́n àwọn á máa wá ní every Saturday.” Kò sọ ohun tí wọ́n ń wá ṣe.

Lónìí, ilé ni wọ́n kọ́ sí orí pápá Nunhead. Àwọn ọmọ wa ń wo góòlù nínú fídíò lẹ́ẹ̀mẹwàá kí wọ́n tó jiyàn, kò sì sí ẹni tó nílò ladani láti mọ àsìkò. Bí mo ṣe ń ro èyí ni fóònù àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í pe Alásárì, kálukú pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá tirẹ̀. Sẹ́mìú pa tirẹ̀, ó ní ká pa tiwa. “Ladani Old Kent Road wà níbí, a ò nílò phone.” Muda ló ń tọ́ka sí.

Muda kọjú sí kọ̀rọ̀, ó fọwọ́ lé etí, ó pè é. Nígbà tó dé ibì kan nítòsí ìparí, ohùn rẹ̀ gòkè lọ, ó já díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sunkún, ó sì rọra sọ̀kalẹ̀. Ohùn bàbá mi ni. Mo dúró síbẹ̀ láàárín aṣọ títà, omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ nítorí ìrun ni wọ́n ń pè.

Nígbà tó pè é tán, mo sọ fún Sẹ́mìú pé góòlù náà wọlé. Kò bá mi jiyàn, ó tẹ́ ẹní.