Àárọ̀ Tí Lawrence Sọ Pé Ojú Ọjọ́ Dára

Ní Ugbonla wa níbí, bí ẹ bá fẹ́ bá Lawrence Olówòkéré jà, ẹ sọ fún un pé kò mọ ojú ọjọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń dẹ àwọ̀n sójú òkun, ọkọ̀ rẹ̀ ò sì dojú dé rí. A jọ dàgbà ni, ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ni mo ti ń yan ẹja. Bí mo bá sá aṣọ, á ní kí n lọ ká a. Màá bú u, màá sì ká a, torí òjò yẹn máa rọ̀ dandan.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Ayọ̀mikún, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù kékeré, Lawrence ló fi ṣe ojú rẹ̀ ní etíkun. Àkúrẹ́ ni bàálù náà ti ń gbéra, ó sì fi ń ya àwòrán ibi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wa. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wa irú rẹ̀. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa rí ilẹ̀, kó sì máa rí ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run. Bí ìkùukù bá bò ó mọ́ ọn lójú, kó yáa padà. Kí ó tó gbéra, á pe Lawrence.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́ tó kọjá, ó pè ní aago mẹ́fà àbọ̀. Mò ń to igi sínú ààrò. Kùrukùru ti bo omi, ó funfun báláú, tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí ilé tó wà ní òdìkejì.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Báwo ni ojú ọjọ́?"

"Ó dára, ọma mi. Ó dára gan-an. Máa bọ̀."

Ẹ má tíì bínú sí i. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwa apẹja, ọjọ́ tí kùrukùru bá bolẹ̀, afẹ́fẹ́ ò jà nìyẹn, òkun sì rọ̀. Ìjì là ń bẹ̀rù. Nínú kùrukùru, etí la fi ń wa ọkọ̀: a ó gbọ́ ìgbì lápá kan, a ó gbọ́ àkùkọ lápá kejì, a ó sì délé. Ọkàn Lawrence ò lọ síbẹ̀ rárá pé ẹni tó wà lókè kò lè gbọ́ ìgbì. Ẹyin lohùn, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ìró bàálù. Kùrukùru ò tíì ká. Ṣe ló tún ga sí i. Lawrence wòkè, kò rí nǹkan kan. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Moríkẹ́," ó wí fún mi, "ọmọ yìí ò rí wa."

Fóònù rẹ̀ dún. Ayọ̀mikún ni. "Bàbá, gbogbo ibi ló funfun! Mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí n lè rí omi, mi ò wá mọ èwo lomi, èwo lọ̀run mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti kọrí sí Àkúrẹ́. Tààrà ni mò ń lọ."

 Lawrence dijú, ó dẹ etí. Mo fẹ́ gbá a létí kó lè sọ̀rọ̀. Ìró náà lọ sí apá òkun, ó gba òkè ilé ìjọsìn, ó tún padà sókun. Nígbà tó yí wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ti sún mọ́ wa ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"O ò lọ tààrà! Ò ń yí po lórí wa, o sì ń sọ̀ kalẹ̀."

"Rárá, Bàbá, ara mi sọ fún mi pé—"

"Ara ń parọ́! Ẹni tó bá sọnù nínú kùrukùru, yíyí po ló máa ń yí po, á sì máa búra pé tààrà lòun ń lọ. Mo ti ṣe é rí. Bàbá rẹ náà ti ṣe é. Kí ni àwọn aago tó ń sọ bí ọkọ̀ rẹ ṣe dúró wí?"

 Ìró ẹ́ńjìnì náà wá ń han gooro, pákó tí mo dúró lé ń gbọ̀n. Mo di apá Lawrence mú.

"Wọ́n ní mo ti tẹ̀ sí apá òsì. Ṣùgbọ́n kò ṣe mí bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Àwọn ni kó o gbà gbọ́! Mú un dọ́gba ná, kó o tó gòkè."

Ìró náà kọjá lórí wa bí ẹni pé yóò ká òrùlé lọ. A ò rí ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ó forí lé apá ilẹ̀. Lawrence ń wí pé, "Ó ń lọ tààrà, ó ń lọ tààrà," títí fóònù fi já.

A dúró fún wákàtí kan gbáko. Àwọn aládùúgbò ti pé lé wa lórí kó tó pè láti Àkúrẹ́, gbogbo wa la sì gbọ́ ọ: "Bàbá, mo ti balẹ̀. Etí yín ló gbà mí là. Ẹ ṣeun."

Ariwo ta. Wọ́n ń lù ú lẹ́yìn, wọ́n ń kí i. Lawrence ta ọwọ́ wọn dànù.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kùrukùru yẹn wà níwájú mi nígbà tó o pè. Mo rí i. Mo rí i, mo sì ní kó o máa bọ̀."



"Mo mọ̀, Bàbá," Ayọ̀mikún dáhùn. "Láti òní lọ, ẹ má sọ fún mi pé ó dára. Ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ sọ. Èmi ni màá sọ bóyá ó dára."

Lawrence mí kanlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó wí.

Ẹni ọgọ́ta ọdún ló ń pe ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ní mà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.