Owó Àlàrùbá Tíṣà Ìjọba

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá wí létí mi pé "òfin kò gbà á," inú mi á kọ́kọ́ ru kí n tó béèrè òfin wo ni. Kumasi ni mo ti kó àrùn náà, nígbà tí mo jẹ́ tíṣà ilé-ìwé ìjọba ní àdúgbò Alabar, ọdún díẹ̀ kí Ghana tó gba òmìnira.

Ará Ìlọrin ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Èmi ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní agbo ilé wa tó gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà. Ìyá mi fi ìwé náà sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, kò sì sí àlejò tí kò fi hàn. Kíláàsì àkọ́kọ́ ni wọ́n fún mi. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ mọ́. Ni àwọn ọmọ bá ya dé. Àwọn kan jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, àwọn kan lórí ẹní tí wọ́n ká wá láti ilé.

Inú mi dùn títí di ọjọ́ tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú wá bá mi. Ará Asante ni, ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó ní ìgbìmọ̀ ìlú ló gbọ́dọ̀ máa san lára owó oṣù tíṣà, láti inú owó orí tí à ń pè ní lampó ní Kumasi. Òfin tó dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ sì ti fi ààlà sí iye lampó tí wọ́n lè bù lé ènìyàn lórí. Wọn kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ọmọ ń pọ̀ sí i, owó dúró sójú kan. Nítorí náà, bí oṣù bá parí, kíláàsì mi yóò túká, kí àwọn ọmọ lọ jókòó sílé títí di ọdún mìíràn.

Àwọn ìyá wọn gbọ́. Ìyá àgbà kan tó ń ta abọ́ páànù, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi, ló kó wọn sẹ́yìn lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Èmi náà tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ fi kún lampó wa," ni ó wí fún akọ̀wé náà. "Àwa tí a bímọ la ní kí ẹ gbà á. Wàláhì, a ó san án."

Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gba lampó, sísá ni àwọn ènìyàn ń sá fún òun, òun kò tíì rí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bu sí i. "Maame, mepa wo kyɛw," ni ó wí, "mmara no mma kwan." Ó ń fi èdè Asante bẹ̀ ẹ́ pé kí ìyá jọ̀ọ́, òfin kò fàyè gbà á. Bí òun bá gbà á, òun ni wọn yóò dá lẹ́bi.

Ìyá náà pòṣé. "Ó dáa. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bí a ṣe ń lọ ló bi wá pé ta ní ń san owó oṣù fún àwọn àlùfáà tó ń kọ́ ọmọ wa ní kéwú. Ta ni kò mọ̀? Gbogbo Àlàrùbá, ìyẹn Ọjọ́rú, ọmọ kéwú á mú ohun tí ọwọ́ òbí rẹ̀ bá bà lọ fún àlùfáà: tọ́rọ́, obì, èlùbọ́, ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé e dé Kumasi. Wọ́n ní kí èmi náà máa gba Àlàrùbá.

Ojú kọ́kọ́ tì mí, n kò ní purọ́. Èmi tí mo ń wọ bàtà gogoro, tí mo ń fọ Gẹ̀ẹ́sì, kí n wá máa gba ilá gbígbẹ lọ́wọ́ ọmọ! Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù parí tí owó mi kò dé, ilá náà dùn lọ́bẹ̀ dáadáa. Kíláàsì náà kò túká, mo ń kọ́ wọn lọ, wọ́n sì ti ń dá orúkọ ara wọn kọ.

Àfi bí ẹnìkan ṣe lọ fẹjọ́ sùn. Ọjọ́ Àlàrùbá gan-an ni alábẹ̀wò ilé-ìwé dé nínú ọkọ̀ dúdú kan. Ó rí èlùbọ́ àti ọṣẹ lórí tábìlì mi. Ó ní owó ilé-ìwé ni mo ń gbà, òfin sì ti kà á léèwọ̀. Ó fa ìwé kan yọ. Bí mo bá buwọ́ lù ú pé mo ti jáwọ́, tí mo sì tú kíláàsì náà ká lójú ẹsẹ̀, yóò wá iṣẹ́ fún mi ní ilé-ìwé mìíràn, ní àdúgbò Ashanti New Town. Bí n kò bá buwọ́ lù ú, wọn yóò gba ìwé-ẹ̀rí mi.

Mo rántí férémù inú pálọ̀ ìyá mi. Mo wá wojú àwọn ọmọ náà. Wọ́n ń wo ẹnu mi. Ìbínú gbà mí lọ́kàn.

"Ọ̀gá," ni mo wí, "òfin yín ò jẹ́ kí ìgbìmọ̀ gba owó, kò tún jẹ́ kí èmi gba ọṣẹ. Kí ló wá fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí ṣe? Àwọn ìyá wọn ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ òfin. N ò ní buwọ́ lù ú."

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, kí ó má baà ní òun kò gbọ́.

Ó mú rẹ́jísítà kíláàsì mi, ó ní dúkìá ìgbìmọ̀ ni. Ó kó ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú, ó sì ní kí gbogbo wa jáde. A jáde. Mo to àwọn ọmọ náà ní ìlà, a gba iwájú ọkọ̀ rẹ̀ kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àlùfáà kan tó wà ní òdìkejì títì. Bàbá àlùfáà kò béèrè ohunkóhun. Ó ká ìdajì ẹní tirẹ̀ sẹ́yìn kí àyè lè gbà wá, ó ní kí a jókòó.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí mi. Ìyá mi sunkún, èmi náà sunkún. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lé wa jáde, ọkọ̀ dúdú náà kò tíì kúrò nígbà tí mo dìde dúró lọ́dẹ̀dẹ̀, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ láìwo ìwé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kíkankíkan, kí ọ̀gá tó di rẹ́jísítà mú lè gbọ́. "Présẹ̀ntì, mà," ni wọ́n ń dáhùn. Kò sí ẹyọ orúkọ kan tí mo gbàgbé, kò sì sí ọmọ kan tí kò dáhùn.