Ẹja Àkọ́pa

Iwájú ọkọ̀ ni bàbá aládùúgbò mi máa ń jókòó sí, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin á wà láàárín, èmi á máa tukọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ̀yà Athabascan ni wọ́n, àwọn ọmọ onílẹ̀ Alaska, lápá àríwá Amẹ́ríkà. Etí odò Yukon ni bàbá dàgbà sí. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló gbé wọn wá sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Plainfield, ilé wọn sì kọjú sí tèmi.

Ìséyìn ni wọ́n ti bí mi, n kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí kí n tó dé Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lẹ́wù débi pé mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ àjẹ̀ tí mo fi ń tukọ̀. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ fi èyí rò?"

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Odò ìlú wa kò fẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá ní ó tó kọ́ ọmọ. Bí ìlà omi méjì bá pàdé, tí ṣóńṣó wọn kọjú sí ibi tí odò ń ṣàn lọ, ibẹ̀ jìn, ká gbà á. Bí ṣóńṣó náà bá kọjú sí ibi tí odò ti ń bọ̀, òkúta ló wà nísàlẹ̀. Níbi tí odò bá ti yí, ẹ̀gbẹ́ inú ni ká fara mọ́ bí a bá ń gòkè, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń rọra ṣàn. Ọmọ náà á máa wo omi, bàbá á máa wo ọmọ náà.

Ohun kan ni bàbá ń dúró dè: ẹja tí ọmọ náà máa kọ́kọ́ pa. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá pa ẹran tàbí ẹja àkọ́pa kì í fẹnu kàn án. Àgbà ló máa ń gbé gbogbo rẹ̀ fún, kí oríire ọwọ́ rẹ̀ má baà tán.

"Èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́," bàbá wí.

"Bàbá àgbà, ẹ ò léyín mọ́."

"Màá mu omi rẹ̀."

Gbogbo ìgbà ooru yẹn, ìwọ̀ á mì, ẹja á já lọ. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n gbé bàbá lọ sí ọsibítù. Wọn kò padà wálé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà kan ilẹ̀kùn mi. "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọjọ́ náà ló pa ẹja àkọ́pa rẹ̀. Kò pariwo. Ó gbé e lé itan, ìpẹ́ lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

"Ta ni kí n wá gbé e fún?"

Màmá mi tó wá kí wa láti Ìséyìn ló wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ náà fọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Màmá sè é, wọ́n wá bu orí rẹ̀ fún un.

"Orí ni ti ẹni tó pa á."

Ọmọ náà mirí. Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n yíjú sí mi.

"Ó gbé ẹja wá, kò fẹ́ tọ́ ọ wò. Kí ló fi sí i?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ sè é."

"Ṣé èmi ni mo pa á?"

Mo wá ṣàlàyé ohun gbogbo, títí kan ikú bàbá. Màmá fa àwo mọ́ra, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fa orí rẹ̀ mu.

"Ó dùn. Odò ò ní gbé ẹ lọ, ọmọ mi."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Bàbá àgbà á ní ata ti pọ̀ jù," ó wí. Ó rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni ẹkún ti gbà á, tí màmá fi fà á mọ́ra.

Lọ́dọ̀ àwọn bàbá, wọ́n máa ń dá egungun ẹja padà sínú omi, nítorí náà a gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni níwájú níbi tí bàbá máa ń jókòó sí, imú ọkọ̀ gbé sókè, atẹ́gùn ń yí i.

"Bọ́ síwájú," mo sọ, "kó lè tọ́."

"Rárá, Ọ́ńkù."

Báyìí la ṣe lọ. Atẹ́gùn ń tì wá sí etí odò, èmi ń fi àjẹ̀ darí ọkọ̀ padà.