Àkàrà Tó Gun Àtẹ̀gùn Dé Àjà Kẹrin

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, n ò sì ní bá yín jà sí i: àkàrà ló yọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nínú omi ní Sípéènì.

Ìlú kékeré kan létí òkun ló ń gbé níbẹ̀, ó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ìsàlẹ̀ pátápátá ló gba yàrá sí nínú ilé alájà mẹ́rin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n tí ìgbà ìwọ́wé bá dé, tí omi òkun ṣì gbóná, òjò oṣù mélòó kan lè ya lulẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí jẹ́ àyájọ́ ọjọ́ tí ìyá wa kú. Ọdọọdún ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń dín àkàrà sàráà ọjọ́ náà, tí á pín in yíká ilé. Mo pè é láàárọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìranù mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwọn òyìnbó yẹn tiẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń gbé fún wọn? Wọ́n á ní búrẹ́dì yín ti jóná."

"Wọ́n ń jẹ ẹ́ jù ẹ́ lọ. Ìwọ tó wà ní Woolwich nílùú ọba, tí ẹ̀wà kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, o ti dín tìẹ?"

Mo ní mo ti rẹ ẹ̀wà. Irọ́ ni. Ibi iṣẹ́ ni mo wà ní Nathan Way, mò ń to páálí sínú ọkọ̀ akẹ́rù tí mò ń wà.

Nígbà tí mo délé ní Thamesmead, nítòsí Woolwich, nírọ̀lẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń fi ìlú ẹ̀gbọ́n mi hàn, omi ti ya bò ó, ó gbé mọ́tò gun orí mọ́tò bí àwo tí wọn ò tíì fọ̀. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo tún pè é léraléra. Nọ́ńbà kan tí n ò mọ̀ wá ń pè mí láti òkèèrè. Mo gé e. Ó tún pè, mo tún gé e. Gbogbo wa níbí la mọ àwọn tó ń fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pèèyàn pé báńkì ni wọ́n. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyàwó mi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

"Daddy, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹni tó ń pè."

"Fi àwọn gbájúẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wá."

Ó ti gbé e. Ó gbọ́ díẹ̀, ó sì fi fóònù lé mi létí.

"Ṣé orí ẹ pé?" Ẹ̀gbọ́n mi ni. "Mo yá fóònù ẹlòmíì pè ẹ́, ìwọ ń gé e mọ́ mi létí."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Ó ní nígbà tóun dín àkàrà tán, ilẹ̀kùn ẹni tó múlé ti òun ló yẹ kóun kọ́kọ́ kàn. Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í fún ọmọdé ṣáájú àgbà, màmá tó sì dàgbà jù nínú ilé náà, àjà kẹrin ló ń gbé. Ó fi orúnkún rẹ̀ yẹn gun àtẹ̀gùn. Màmá fún un ní àga, ó fún un ní tíì, kò jẹ́ kó lọ. Ọwọ́ ni wọ́n ṣì ń jù síra wọn bí ọ̀rọ̀, torí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn dáadáa, tí ariwo fi ta. Kí wọ́n tó yọjú sí àtẹ̀gùn, omi ti bo ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà nínú ibẹ̀. Àwọn tó kù nílé ti sá gòkè wá bá wọn.

"Àkàrà la jọ ń jẹ báyìí," ó ní.

"Ẹrù yín ńkọ́?"

"Ẹrù wo? Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, o ò gbọ́ ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ibi iṣẹ́, èmi tí mo máa ń fi gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá wa, ará Ìjẹ̀bú, kàn ní, "Ṣé dáadáa la jí?" Mo la ẹnu láti dáhùn, ẹkún ló jáde.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," mo ní, mo sì tún bú sẹ́kún.

Ó wò mí, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ó fa páálí kan wá pé kí n jókòó lé e.

"Kò sẹ́ni tó kú," mo tún sọ fún un.

"Mo ti gbọ́," ó ní, ó sì lọ po tíì wá fún mi.