Aṣọ Ọmọlángidi Kan Tí Mo Lépa Dé Àgbàdo

Mo bímọ mẹ́ta, gbogbo wọn ló yè, wọ́n sì ti dàgbà ju ẹni tí ń fi ọmọlángidi ṣeré lọ. Mo tètè sọ èyí nítorí pé àwọn ará ilé wa ní Ìdímù ti sọ ọ́ káàkiri pé àìrọ́mọ gbé jó ló sọ mí di ẹni tí ń kó ọmọlángidi jọ. Irọ́ ni. Ìbínú ló sọ mí dà á.

Télọ̀ ni mí. Lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, mo máa ń lọ sí Ìkòtún láti ra aṣọ òkìrìkà tí mo lè tú, kí n fi rán nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀kan nínú wọn nígbà àkọ́kọ́: ọmọlángidi àtijọ́ tó wúwo lórí, tí wọ́n fi ọ̀dà kun irun àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ti sán wẹ́wẹ́. Kì í ṣe rọ́bà, kì í ṣe igi. Mo gbé e lọ sí káfẹ́ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ sì bá mi wá a lórí kọ̀ǹpútà. Ó kà á fún mi pé lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n láyé àtijọ́, pé omi lọ̀tá wọn, àti pé èyí tó bá ṣì ní aṣọ, bàtà àti fìlà tó bá a wáyé ló ṣọ̀wọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló wọ̀ mí lára, nítorí mo ti rí bí wọ́n ṣe ń tú béèlì, ìdì òkìrìkà tó ń ti òkè òkun wá. Ọmọlángidi á kó gbogbo ẹrù rẹ̀ la òkun já, kò ní sọ ẹyọ ìbọ̀sẹ̀ kan nù. Bó bá dé Ìkòtún, àwọn ọkùnrin wa á fi ọ̀bẹ ya béèlì, kí o tó ṣẹ́jú, bàtà ti lọ síhìn-ín, fìlà ti lọ sọ́hùn-ún. Inú máa ń bí mi débi pé omi á lé sí mi lójú. Láti ìgbà náà, ìdí mi kò gba ìjókòó mọ́. Tí mo bá ti gbọ́ pé béèlì tuntun dé, màá fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó di Ìkòtún. Ọkọ mi á ní, "Àwọn ọmọ ẹ ti dé nìyẹn o. Ṣé kí n gbé omi kaná dè wọ́n?" Màá ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ti ní mẹ́sàn-án kí èyí tí mò ń sọ yìí tó dé. Ó gùn tó láti ìgúnpá mi dé orí ìka. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ pé, báàgì kékeré kan rọ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi okùn so fìlà búlúù olódòdó funfun mọ́ ọn lágbọ̀n. Aṣọ nìkan ni kò sí. Ó dà bí ẹni tí olè kó láṣọ nílé ìwẹ̀.

Mo kọjú sí ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó tú béèlì náà. "Bàbá, aṣọ tó bá fìlà yìí mu ńkọ́?"

"Ìyá Télọ̀, mi ò mọ̀ pé aṣọ bèbí yìí ni jàre. Mo rí i pé ó kéré, mo bá jù ú sórí òkìtì aṣọ ọmọ ọwọ́. Wọ́n ti rà á."

"Ta ló rà á?"

"Ìyàwó kékeré kan ni, àdúgbò mi ní Àgbàdo ló ń gbé. Oṣù ọmọ ẹ̀ ò pé tó fi bí i. Ó ní gbogbo aṣọ ló tóbi jù ú lọ, àfi ìyẹn." Ó wo ojú mi. "Ṣebí télọ̀ lẹ̀yin náà. Ẹ rán òmíràn fún un ṣá."

Òótọ́ ló sọ. Mo lè gé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kí n sì rán an tán láàárín ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá rán, tèmi ni yóò jẹ́. Èyí tó bá a wáyé ni mo fẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń jókòó tí mo ń dìde. Mo rán apá òsì mọ́ ọ̀tún lára búláòsì oníbàárà kan, obìnrin náà bú mi, mi ò tilẹ̀ gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Nígbà tó yá, mo ra aṣọ ọmọ tuntun méjì, funfun nini, mo bá bèèrè ọ̀nà ilé ìyàwó náà ní Àgbàdo lọ́wọ́ ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ náà.

Ìyàwó náà kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Bó ṣe rí mi ló kúnlẹ̀. Ọmọ náà wà lórí ibùsùn, aṣọ búlúù olódòdó funfun náà wà lọ́rùn rẹ̀. Kí n má purọ́, aṣọ ni mo kọ́kọ́ wò. Mo wo bọ́tìnnì rẹ̀, wọ́n pé. Lẹ́yìn náà ni mo wo ọmọ. Itan rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò mi lọ.

Mo kí i kú ewu ọmọ, mo ṣàlàyé, mo sì gbé aṣọ tuntun méjèèjì jáde.

"Aṣọ bèbí ni, mà?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bojú wo ọmọ rẹ̀. Mo tó bí i lọ́mọ. Mo ti ọ̀nà jíjìn wá, mi ò sì wá lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé, kí ni yóò sọ? "Kò burú, mà. Ẹ ṣeun, mà."

Ojú ẹsẹ̀ ló bọ́ ọ. Ọmọ náà sunkún, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ jáde dáadáa. Aṣọ tí mo rà gbé e mì. Ìyá rẹ̀ ká apá rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi píìnì há ọrùn rẹ̀ kó má baà bọ́ sí èjìká.

"Yóò dàgbà bá a," mo wí. Títí dòní, gbólóhùn yẹn ń tì mí lójú.

"Àmín, mà," ló fi dá mi lóhùn.

Mo wọ aṣọ náà fún ọmọlángidi mi, ó bá a mu wẹ́kú. Ó pé wàyí, láti fìlà dé bàtà. Mo jókòó síwájú rẹ̀ láti máa yọ̀, òórùn òrí àti ọṣẹ ọmọ tuntun sì ń ti ọrùn aṣọ náà bọ̀. Mo gbé e sórí pẹpẹ, mo gbé e kúrò. Mo fi í sínú àpótí, mo tún ṣí i. Mo ti sọ ibi tí mo ti gba aṣọ náà fún ọkọ mi, kò sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Ọmọ yẹn ńkọ́?" ló bi mí. Mo ní, "Ọmọ wo?" Mo kúkú mọ èyí tó ń bèèrè.

Ní ọjọ́ kẹta, mo bọ́ aṣọ náà lára ọmọlángidi. Mo fi ṣe ìwọ̀n, mo rán mẹ́ta bíi tirẹ̀ láti ara ìró mi àtijọ́ tó ti rọ̀, mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú báàgì, mo sì gba Àgbàdo lọ. Ọkàn mi kò balẹ̀ lójú ọ̀nà. Mò ń to ẹ̀bẹ̀ tí màá bẹ̀, mo sì ń tú u palẹ̀.

Ìyàwó náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ náà síta fún oòrùn àárọ̀. Ó rí mi, ó sì rí báàgì ọwọ́ mi. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀, ó ti ń tú píìnì ọrùn aṣọ funfun náà.

"Ẹ má bínú, mà," ló ń sọ. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ ìkejì. Mo ti fọ̀ ọ́, ó wà lórí okùn, mo kàn ní kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbà á padà ni."

Ó na aṣọ náà sí mi, ó sì fi ọwọ́ kejì gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà ní ìhòòhò.